Ayékòótọ́, Olùkọ́ Ìtẹ́ Híhun

Àlọ́ o! Àlọ́ mi já pàtì bí ẹ̀ka gbígbẹ, ó bà lé Ayékòótọ́, tó ń fi orin kọ́ àwọn ọmọ ẹyẹ bí wọ́n ṣe ń hun ìtẹ́. Á lé e, wọn á gbè é:

Ẹ fà á, ẹ lọ́ ọ,
Híhun là ń hun!
Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ so ó,
Híhun là ń hun!

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan koríko, àfi ọmọ Ẹ̀gà, tí kì í gbè. Ayékòótọ́ pè é ní olórí kunkun, ó ní kó lọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn igi.

Ọjọ́ ìparí ọdún, àwọn òbí dé. Àwọn ọmọ kọrin títí igbó fi ń mì. Ìyá Àdàbà pàtẹ́wọ́, ó wá kó koríko sílẹ̀. "Orin yín dùn o. Ó yá, ẹ hun ún ká rí i."

Ni gbogbo ọmọ bá yíjú sí olùkọ́ wọn.

Ayékòótọ́ fẹnu kó koríko. Ó fà á, ó já. Ó so ó, ó tú. Ojú gbà á tì.

Ọmọ Ẹ̀gà dìde lórí ìkúnlẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín di orí kejì koríko náà mú."

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Ayékòótọ́ ju koríko nù, ó fò wọ inú ihò igi. Ibẹ̀ ló ń yé ẹyin sí dòní. Mo kan ara igi náà bí ẹni ń kanlẹ̀kùn kí n tó máa bọ̀ nílé: mo gbọ́ orin, n ò rójú ẹni tó ń kọ ọ́.