Ẹ̀rín Fadérera

Kí wọ́n tó gé kókó abẹ́ etí báyìí, ẹ̀rín aláìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà sínú ẹ̀rọ. Kókó ti Fadérera kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti gé e, tó tún hù, ó sì ti lẹ̀ mọ́ iṣan tó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ pa á lẹ́rìn-ín," ni dókítà wí.

Oríkì rẹ̀ nìkan ni ìyá rẹ̀ pè: "Àwẹ̀ró!" Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. Oríkì yẹn ni wọ́n fi ṣe kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà. Nígbà tí iṣan já mọ́ dókítà lọ́wọ́, wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́; bó bá ti gbọ́ oríkì yẹn, á gbé ẹ̀rín ọjọ́ náà jáde.

Ọjọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀ dé. Omijé ń dà lójú Fadérera pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Pẹ̀lẹ́, Àwẹ̀ró. Dákẹ́, Àwẹ̀ró."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Fadérera gbéra, eyín yọ gbangba. Gbogbo ẹni tó dúró létí sàréè ń wò ó.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè é ní Àwẹ̀ró, àfi òun fúnra rẹ̀, níwájú dígí, nígbà tí àárò ìyá rẹ̀ bá ń sọ ọ́.