Kẹ́tù Tí Wọn Ò Dán Wò

Bàbá Oníkẹ́tù kì í ta kẹ́tù fún ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ bu omi sí i. Á gbé e sókè, á wo ìdí rẹ̀, oníbàárà náà á wò ó. Tí kò bá jò, á da omi nù, á nù ún gbẹ, á fi bébà wé e, á fi okùn pupa dì í, á wá ta kókó kan tí òun nìkan mọ̀ ọ́n ta. Ó ń ta àtùpà, ó ń ta àgádágodo, ṣùgbọ́n kẹ́tù ló sọ ọ́ lórúkọ.

Àfi ìgbà tí wọ́n ṣí Ilé Ọ̀pọ̀ sí ìparí òpópónà. Kò sóhun tí wọn kì í tà níbẹ̀, iye tí wọ́n sì ń ta kẹ́tù kò tó iye tí Bàbá fi ń rà á lọ́wọ́ alágbàtà. Télọ̀ tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Oníbàtà tó wà lápá òsì ti ìlẹ̀kùn, kò ṣí i mọ́. Àwọn tó ń kí Bàbá "ẹ kú ọjà" láàárọ̀ ń gbé àpò ọ̀rá Ilé Ọ̀pọ̀ kọjá nírọ̀lẹ́, wọ́n á máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wo ojú wọn!" ni Bàbá wí fún ìyàwó rẹ̀. "Kẹ́tù tó máa jò kí oṣù tó parí!"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Tíṣà tó ní ọmọ mẹ́rin, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Níbẹ̀ ló ti lè ra bàtà fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ìwọ náà ti ń ra ọṣẹ níbẹ̀, àbí?"

Ọṣẹ ọ̀hún wà ní balùwẹ̀, ó sì ń hó dáadáa.

Èyí tó ka Bàbá lára jù ni ti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, owó ṣọ́ọ̀bù ò sì lè rán an nílé ẹ̀kọ́ mọ́. Ló bá lọ gba iṣẹ́ agbowó ní Ilé Ọ̀pọ̀. Ó ní ọdún kan péré lòun fẹ́ fi tu owó ilé ẹ̀kọ́ jọ.

"Àwọn tó fún mi lọ́rùn," ni Bàbá pariwo, "àwọn ni ìwọ fẹ́ lọ bá ṣiṣẹ́!"

"Bàbá, ẹ ta ṣọ́ọ̀bù yìí, kẹ́ ẹ sinmi. Oníbúrẹ́dì tó wá bá yín lọ́jọ́sí ṣì fẹ́ rà á."

"Ọjọ́ tí mo bá ta ṣọ́ọ̀bù yìí, kẹ́ ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dè mí!"

Ọmọ náà sunkún. Ó gba yàrá kékeré kan nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó kó jáde. Bàbá ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjà dákẹ́ lọ gbári. Oníbúrẹ́dì tún wá, orúnkún sì ń dun Bàbá tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dúró pẹ́. Ó ku díẹ̀ kó gbà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni obìnrin kan tó wọ awò ojú àti bàtà dúdú pẹlẹbẹ yà wọlé.

"Ẹ kú ọjà, Bàbá. Ẹ fún mi ní kẹ́tù kan."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó bá wù yín."

Bàbá nawọ́ sí omi.

"Ẹ má ṣe wàhálà, mo fọkàn tán yín." Kò ná an rárá, iye tí Bàbá dá lé e ló san. Ó dúró títí Bàbá fi ta kókó rẹ̀ tán. "Orúnkún yín ńkọ́, sà?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi." Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyí, ni Bàbá wí nínú ara rẹ̀.

Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan ló tẹ̀ lé e, ó ra àtùpà. Òun náà ò ná an, kò sì wo inú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí oṣù bá ti parí báyìí, wọ́n á dé, àwọn méjèèjì, nígbà mìíràn ẹnìkẹta. Bàbá ní kí oníbúrẹ́dì gba ilé rẹ̀ lọ.

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe 'baba'!" ni ó ń wí fún ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n ti ń padà bọ̀. Sọ fún ọmọ rẹ pé ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ṣì ń tà."

"Mo ti sọ fún un. Inú rẹ̀ dùn."

"Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá ńkọ́? Ọdún kejì mà rèé."

"Ó ní owó ò tíì pé."

"Ṣé mi ò wí bẹ́ẹ̀! Wọ́n ń ta ọjà lọ́pọ̀, wọ́n tún ń ra èèyàn lọ́pọ̀. Olè ni wọ́n!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ náà dákú lórí ìdúró níbi iṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kò sí àrùn lára rẹ̀, kì í jẹun tó ni. Ìyàwó Bàbá jókòó tì í, ó na kọ́kọ́rọ́ yàrá ọmọ náà sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú aṣọ méjì wá fún un."

Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ náà. Gbogbo ọ̀nà ló ń fi bínú. Ilé Ọ̀pọ̀ febi pa ọmọ òun! Tó bá mú aṣọ tán, ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn ló ń lọ tààrà, ojú gbogbo oníbàárà ni yóò ti sọ ọ́. Ó débẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó ti ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ò ṣí tán, nǹkan kan dá a dúró lẹ́yìn. Ó fi èjìká tì í wọlé.

Kẹ́tù àti àtùpà ló kún yàrá náà láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé, oníkálukú wọn ṣì wà nínú bébà, kò sì sí ọ̀kan tí wọ́n tú kókó okùn pupa rẹ̀.