Ọ̀rọ̀ Márùn-ún Bàbá Alápẹ̀rẹ̀

Ní agogo mẹ́rin gééré, Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ máa ń kan géètì ilé Mísìs Cecilia, olùkọ́ èdè òyìnbó tó ti fẹ̀yìntì, ní Ìkòsì. Ọjọ́ Jímọ́ àti ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni kì í wá. Ọmọ́bọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Mísìs Cecilia bí, kì í wo aago mọ́ kó tó lọ ṣílẹ̀kùn.

Rahmon ni orúkọ bàbá náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, fìlà rẹ̀ máa ń mọ́, ìwé pélébé kan sì máa ń wà lábíyá rẹ̀. Nígbà tí Ọmọ́bọ́lá dé láti Àbújá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, ó bá a nílé. Bàbá náà ní òun wá kọ́ ẹ̀kọ́ ni. Mama Kelvin tí wọ́n jọ pín ògiri ló là á yé e: ìbéèrè tí wọ́n máa bi í ní ẹ́ḿbásì ni bàbá yẹn ń múra sílẹ̀ fún. Kí ni bàbá arúgbó tún fẹ́ fi èdè òyìnbó ṣe ní Ketu, bí kì í bá ṣe pé ọmọ fẹ́ mú un lọ sí London?

Àìsàn rọpárọsẹ̀ tó kọlu ìyá rẹ̀ ló mú Ọmọ́bọ́lá wálé. Ó ti gba ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀, ó sì ti gba ohùn rẹ̀. Dókítà ní ohùn lè padà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má ṣáà jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ jù. Láràárọ̀, Ọmọ́bọ́lá máa ń kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀.

"Mummy, ta ni mí?"

Ìyá rẹ̀ á wò ó bí ẹni ń wo ògiri. Gbogbo ohun tí Ọmọ́bọ́lá ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò ju kí ìyá òun pe orúkọ òun lẹ́ẹ̀kan péré.

Ṣùgbọ́n bó bá di agogo mẹ́rin, ìyá kan náà á fọhùn. Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ á mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, á wú ikọ́, á sì fi ìka sí *colonel*, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú márùn-ún tó wà nínú ìwé rẹ̀.

"Kólónẹ́ẹ̀lì," ni yóò wí. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó máa ń kún pálọ̀.

Ojú ìyá á sì là. "No. Kọ́nẹ̀lì."

Wọ́n á dé orí *receipt*, bàbá á pe lẹ́tà *p* jáde ketekete. Ìyá á ní kó tún un pè. Bẹ́ẹ̀ ni *bouquet*, bẹ́ẹ̀ ni *debris*, títí kan *Wednesday*. Àṣìṣe àná náà ni tòní, kò yí ẹyọ kan padà. Nígbà kan tí iná dé, tí rédíò bẹ̀rẹ̀ ìròyìn èdè òyìnbó láìròtẹ́lẹ̀, bàbá náà fúnra rẹ̀ ló dìde lọ pa á.

Ọmọ́bọ́lá mọ òfin ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti pè dáadáa, Mísìs Cecilia á fi báírò fa ìlà lé e lórí, kò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu onítọ̀hún mọ́ láyé. Tí ìlà bá ti kárí, akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún Ọmọ́bọ́lá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Ìwé Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ kò ní ìlà kankan.

Tí ẹ̀kọ́ bá parí, ìyá á sùn lọ fọnfọn. Inú Ọmọ́bọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Lójú tirẹ̀, ohùn ìyá òun dà bí omi ìsàlẹ̀ àmù, àlejò kan ló sì ń fi igbá jíjò bù ú tán. Ó bi bàbá náà léèrè ìgbà tí ẹ̀kọ́ yìí máa parí. Bàbá ní Ọlọ́run ló mọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, Ọmọ́bọ́lá tẹ̀ lé e dé géètì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́la, ẹ pe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí Mummy sinmi."

Bàbá náà ki ìwé rẹ̀ bọ abíyá. "Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn, Aunty?"

"Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, sà."

"Kò burú. Ẹ̀yin lẹ ni ìyá yín."

Lọ́jọ́ kejì, kò mu omi. Ó ṣí ìwé, ó pe márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó wọ́ nínú wọn. Mísìs Cecilia fi ọwọ́ òsì fa ìlà márùn-ún, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Good," ló wí. "You may go."

Inú Ọmọ́bọ́lá dùn. Kí bàbá tó bọ́ sí títì, ó ti kúnlẹ̀ níwájú àga. "Mummy, ta ni mí?" Ìyá rẹ̀ kò dáhùn. Kò dáhùn lọ́jọ́ kejì, kò dáhùn jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ọmọ́bọ́lá wọ ọkọ̀ lọ sí Alápẹ̀rẹ̀, ó lọ bẹ bàbá náà pé kó padà wá.

Ó wá ní agogo mẹ́rin. Ó pe kólónẹ́ẹ̀lì. Mísìs Cecilia wo ìlà tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì yíjú sí fèrèsé. Bàbá ṣi mẹ́rin yòókù pè. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe fún un.

Ní géètì, Ọmọ́bọ́lá ń sunkún. Ó bi í bó ṣe di pé ohun tí kò mọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó mọ̀ ọ́n lóru ọjọ́ kan.

"Aunty, mo rò pé ẹ ti mọ̀ ni," ni Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ wí. "Mummy yín ló kọ́ mi ní èdè òyìnbó nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo sì fi ka ìròyìn rẹ̀ lórí rédíò ní Òkè Ọya, mo kàn ń ṣì í pè kí wọ́n lè máa fọhùn ni."