Eṣinṣin Kọ́ Oyin Lówò

Àlọ́ mi fò fẹ̀ẹ̀rẹ̀, ìpàdé àwọn oníṣòwò ló bà sí, lórí Oyin. Eṣinṣin, tí kò pàtẹ rí, tó kàn ń bà lé àwo olówó kiri, ló ń kọ́ wọn lówò.

Oyin dìde. “Ọ̀gá, oníbàárà mi ò pọ̀.”

“Abẹ́rẹ́ ìdí rẹ ló ń lé wọn! Yọ ọ́ sọnù.” Ó dá orin:

Oyin, ṣílẹ̀kùn — Gbìnrìn!
Èrò ń bọ̀ wá — Gbìnrìn!

Oyin yọ abẹ́rẹ́. Èrò rọ́ dé lóòótọ́, Eṣinṣin àti ẹbí rẹ̀ ló ṣíwájú. Wọ́n lá afárá gbẹ.

Nípàdé kejì, Oyin ò tíì lanu tí Eṣinṣin fi nawọ́ sí i: “Ẹ wò ó! Ta ló kó èrò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?”

Ìjókòó dá orin. Oyin náà gbè é. Abẹ́rẹ́ ò sí nídìí mọ́, kí ni ì bá ṣe?

Gbìnrìn!