Lọ́yà Afeefah Kọ̀, Kò Yọ Ẹ̀rọ Etí Rẹ̀

"Lọ́yà, ẹ yọ ẹ̀rọ tó wà létí yín yẹn."

Adájọ́ ló ń sọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Orí fídíò ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ lónìí.

Lọ́yà Afeefah ò mira nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní àdúgbò Kokomlemle.

Àmínà jókòó tì í. Opó ni, ẹbí ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Okaishie.

"Àǹtí Lọ́yà, ẹ kúkú sọ fún wọn," ó rọra wí.

Afeefah mi orí. Àánú kọ́ ló wá tọrọ.

Lọ́yà ẹbí ọkọ bú sẹ́rìn-ín. "Olúwa mi, ẹ̀rọ ló ń bá a ro ẹjọ́! Kò tilẹ̀ wo ìwé tí mo gbé sójú kọ̀ǹpútà."

"Ẹ yọ ọ́, àbí kí n lé yín kúrò nínú ẹjọ́ yìí?"

"Mi ò ní yọ ọ́, Olúwa mi."

"Nítorí kí ni?"

"Afọ́jú ni mí. Ẹ̀rọ ló ń ka ìwé wọn sí mi létí. Èmi ni mò ń ro ẹjọ́."



"Ẹ máa bá ẹjọ́ yín lọ, Lọ́yà," ni adájọ́ wí.

"Ẹ ṣé, Olúwa mi. Ó yá, kí lọ́yà tó ríran ka ibi tí òfin ti ní kí opó kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí wa létí."