Ìgbálẹ̀ Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Ìbídùn ti bímọ, ọmọ náà kò sì tíì jẹ́ kó fojú ba oorun. Bó bá gbé e, á ké. Bó bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, igbe á tún le sí i. Èyí tó wá ń bí i nínú jù ni ìgbálẹ̀ tí ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Ẹdẹ, máa ń tì bọ abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ. Ìgbálẹ̀ ṣá o!

"A kì í dá ọmọ tuntun fi sílẹ̀ lásán," ni ọ̀rọ̀ màmá náà lójoojúmọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí, sùúrù Ìbídùn tán. Ó fa ìgbálẹ̀ yọ, ó jù ú gba ojú fèrèsé, ó fi ọmọ sílẹ̀ tòun ti igbe, ó lọ jókòó sínú omi gbígbóná rẹ̀ ní balùwẹ̀.

Kò pẹ́ tí igbe náà fi rọlẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹnìkan tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún jẹ́jẹ́ nínú yàrá.

"Màmá, ẹ ti tún gbé e!" ló fi ìbínú pariwo. "Ṣé èmi ò mọ ọmọ tọ́jú ni?"

"Ta ni mo gbé?" Ẹ̀yìnkùlé ni Màmá Ẹdẹ ti dáhùn. "Èmi tí mò ń ká aṣọ lórí okùn! Ta ló ju ìgbálẹ̀ síbí?"

Ìbídùn ró ìró mọ́yà, ó sáré dé ẹnu yàrá. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn láti inú. Ó gbá a gbàà-gbàà.

Ohùn kan dá a lóhùn, ohùn Ìbídùn fúnra rẹ̀ ni, àfi pé kò sí àárẹ̀ kankan nínú rẹ̀:

"Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."