Ọkọ̀ Tí Wa Saluha Wá Yẹ̀ Wò

Wa Saluha wọ ọkọ̀ èrò láti erékùṣù Tomia ní ìdájí, ó sì dé ìlú Wanci nígbà tí oòrùn ti ràn dáadáa. Ó ra epo bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì kan létí òkun. Ó ní kí ẹni tó ń tà á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé. Lẹ́yìn náà ó béèrè ilé La Maane.

La Maane ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Orúnkún kò jẹ́ kó lè bá òkun wọ̀jà mọ́, ó sì ti gbé ọkọ̀ fáíbà rẹ̀ sórí iyanrìn fún títà. Ó wo ẹ̀yìn obìnrin náà bóyá ẹnìkan tún ń bọ̀.

"Ìwọ àti ta lẹ jọ wá?"

"Èmi nìkan ni, Bàbá."

"Ìwọ nìkan lo fẹ́ yẹ ẹ́ńjìnnì wò? Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Kò sí nílé."

Obìnrin náà wọ inú ọkọ̀. Ìkọ́ tó di ìdérí ẹ́ńjìnnì mú wà lábẹ́, lápá òsì, ibi tí àwọn olùrà máa ń wá tì. Ọwọ́ Wa Saluha lọ síbẹ̀ tààrà. Ó tú pílọ́ọ̀gì méjèèjì, ó gbé wọn sójú oòrùn. Wọn kò dúdú, wọn kò sì lọ́rinrin. Ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ó jẹ́ kí ọ́yìlì kán sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bí omi bá ti wọ ọ́yìlì, a máa funfun bíi wàrà. Èyí kò funfun. Ó nu ọwọ́, ó tún jẹ́ kí òmíràn kán sí i.

La Maane rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ yín, ẹ̀yin olùrà. Àléébù lẹ̀ ń wá kí owó lè wálẹ̀. Wá a dáadáa."

"Mò ń wá a, Bàbá. Ọwọ́ ta lẹ ti rà á?"

"Ọwọ́ àwọn apẹja kan ní Binongko."

"Ṣé wọ́n tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe?"

"Ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n tún kùn. Wọ́n ní àwọn kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Èmi náà kò sì fọwọ́ kàn án."

Wa Saluha dé ìdérí náà padà. "Lítà mélòó ló ń jẹ ní wákàtí kan?"

"Bó o bá sáré, ó lé díẹ̀ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹgbàá mẹ́fà rupiah sì ni lítà kan báyìí. Epo ló ń pa àwa apẹja, kì í ṣe ìgbì."

"Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Ẹ jẹ́ ká fa táǹkì gbẹ, ká rọ tèmi sí i, ká wà á títí yóò fi tán."

"Lórí òkun? Ṣé orí rẹ pé, àbúrò?"

"Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tiyín dání."

La Maane rò ó. Oṣù mẹ́ta ti lọ tí olùrà kankan kò ti yà. Ó fa táǹkì náà gbẹ, ó rọ epo Wa Saluha sí i, ó gbé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ wọnú ọkọ̀, wọ́n sì tì í sómi.

Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lẹ́bàá erékùṣù, níbi tí wọ́n ti lè rí ilẹ̀. La Maane fi kasoami, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ sè, àti ẹja gbígbẹ lọ̀ ọ́, kò jẹ ẹ́. Aago fóònù rẹ̀ ló ń wò. Bí ìgbì bá gbé ọkọ̀ náà tí ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, obìnrin náà á gbórí sókè.

"O tẹ́tí sí i bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́," ni La Maane wí. "Fọkàn balẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí kò lè já ọ kulẹ̀."

Wa Saluha tún wo aago.

Nígbà tó pé ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. La Maane na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì.

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná."

Wọ́n jókòó. Afẹ́fẹ́ yí ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ. Ilẹ̀ ń kéré sí i.

"Ṣé báyìí ló máa ń rí?" ni Wa Saluha béèrè.

"Ta ni yóò mọ̀? Ẹni tó mọ òkun kì í jẹ́ kí epo tán mọ́ òun lọ́wọ́."

Obìnrin náà tẹrí ba. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní kó rọ epo sí i. La Maane fa okùn ẹ́ńjìnnì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dún.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

Nígbà tí wọ́n dé èbúté, La Maane dá iye kan lé e, ó sì yọ díẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ kí obìnrin náà tó la ẹnu. Wa Saluha kò ná an.

"Kò sí àléébù kankan lára rẹ̀, Bàbá? Èyí tẹ́ ẹ fi pamọ́ fún mi? Mo bẹ̀ yín."

"Mo fi Ọlọ́run búra, kò sí."

"Ẹ ṣeun." Ó sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn. "Mi ò rà á."

"O jẹ́ kí n fi odindi ọjọ́ kan ṣòfò," ni La Maane wí. "O wá àléébù tì, inú wá ń bí ọ."

Obìnrin náà ní kó má bínú. Ó gba ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ èrò ti ń gbéra, kò sì rántí mú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, kí àwọn ará Binongko tó rí ọkọ̀ náà lórí omi láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, La Ege ọkọ rẹ̀ ló wà á kúrò ní Tomia láti lọ ra àdá wá ní Binongko. Ó ní kí ìyàwó òun rọ lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí táǹkì, ṣùgbọ́n nítorí pé epo wọ́n, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Wa Saluha rọ, kò sì sọ fún un, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́, kó má jẹ̀ẹ́ epo ló tán.